Ẹ̀wù Azilis Lórí Omi

Locronan,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Gwenola,

Mo kí yín o, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, torí mo mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ẹ ń ṣe ní Rennes kì í jẹ́ kí ẹ jókòó. Ara tèmi le, Tugdual ọkọ mi náà wà dáadáa. Azilis ti pé oṣù mẹ́jọ. Eyín méjì ti yọ nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó sì ti fi gé mi jẹ.

Òjò ti dá, àwọn arìnrìn-àjò sì ti kún ojúde ìlú. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta àkàrà òyìnbó oníbọ́tà. Kò sí ohun tí wọn kì í yà ní fọ́tò: ògiri òkúta, ilẹ̀kùn, títí dórí ológbò ìyá ọkọ mi. Ọkùnrin kan bi mí lánàá bóyá èèyàn ń gbé inú àwọn ilé àtijọ́ yìí lóòótọ́. Mo ní, "Rárá o, ọ̀gá. Tó bá di aago mẹ́fà, wọ́n á kó wa padà sínú àpótí." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó jọ pé ó gbà mí gbọ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ fún yín lórí fóònù. Ẹ rántí bí àyà ṣe há Azilis nígbà òtútù. Dókítà ti sọ lẹ́ẹ̀mejì pé àyà rẹ̀ ti mọ́. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kọ̀. Gbogbo ìgbà ni mo ń gbé etí sí imú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Màmá Fant tó ń gbé òdìkejì wa wá ra àkàrà, ó ní láyé àtijọ́, ìyá tí ẹ̀rù ọmọ bá ń bà á máa ń gbé ẹ̀wù ọmọ náà lọ sí orísun omi tó wà lẹ́bàá ilé àdúrà kékeré nísàlẹ̀ ìlú. Bí ẹ̀wù náà bá léfòó, ọmọ á dàgbà. Bó bá rì… Ó bu àkàrà sẹ́nu.

Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín, mo mọ̀, èmi tí mo jáde ilé ìwé girama. Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo gbé Azilis fún ìyá ọkọ mi, mo ní mò ń lọ ra ẹyin. Ẹ̀wù rẹ̀ funfun wà lábẹ́ apá mi. Mo bá tọkọtaya arìnrìn-àjò kan létí omi, wọ́n ń jẹun. Mo dúró dúró, wọn ò lọ. Ni mo bá ṣe bí ẹni fẹ́ fọṣọ. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó ní ó mà dára o, pé a ṣì ń fọwọ́ fọṣọ níbí, kí n jọ̀ọ́ gbé orí sókè. Bó ṣe ń yà mí ní fọ́tò ni mo ju ẹ̀wù náà sómi. Ó dúró díẹ̀, ó mu omi, ó sì rì lọ sísàlẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣeun, ó rẹwà gan-an!"

Mo yọ ẹ̀wù náà lómi, mo sì gbé e délé, ó ń kán tótó. Soazig, ìyá ọkọ mi, ń din àkàrà pẹlẹbẹ oníyẹ̀fun tí a máa ń fi ẹyin jẹ lórí irin, Azilis wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀wù, ó wo ọwọ́ mi.

"Ẹyin dà?"

Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pa iná.

"Enora, bọ́tìnnì irin mélòó ló wà lára ẹ̀wù yìí?"

"Márùn-ún, Màámi."

"Irin márùn-ún! Ṣé o fẹ́ kó lúwẹ̀ẹ́ ni?"

Ẹkún àti ẹ̀rín dàpọ̀ mọ́ mi lára. Síbẹ̀ mo bi í pé àwọn ẹ̀wù àtijọ́ tí kò ní bọ́tìnnì ńkọ́, ṣé èyí tó rì kò sí nínú wọn ni? Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ẹ̀wù ọmọdé kan jáde, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, irú aṣọ líle tí wọ́n ń hun nílùú yìí nígbà kan fún ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Ó ní ti Tugdual ni. Ikọ́ líle mú un nígbà tó wà lóṣù mẹ́ta, òun náà sì yọ́ lọ sídìí omi yẹn.

Mo ní, "Ṣé ó léfòó, Màámi?"

"Ó léfòó. Mo fọwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ sórí omi, mo sì di etí ẹ̀wù náà mú. Ìyá mi di tèmi náà mú. Ta ló ní kó o jù ú sílẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi, a jókòó, a jẹ àkàrà náà pẹ̀lú bọ́tà nìkan, torí kò sí ẹyin. Azilis wà lórí itan mi, ó ń fa irun mi. Mi ò gbé etí sí imú rẹ̀. Mo kàn dì í mú ni.

Kí Ọlọ́run bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, kó má jẹ́ kí ọwọ́ yín tú lára àwọn tiyín. Kí Rennes tù yín lára.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í pa nǹkan mọ́ fún yín pẹ́,
Enora.

Mo tún rántí: Tugdual bi mí ìdí tí a fi jẹ àkàrà láìsí ẹyin. Mo ní adìẹ ẹlẹ́yin ò yé ẹyin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú mi fó. Ẹ̀wù náà ti gbẹ lójú fèrèsé, àwọn arìnrìn-àjò mẹ́rin ló ti yà á ní fọ́tò.