Léèsì Tí Mo Wọ̀ Nínú Opó

Ọdún tí omi ya wọ ilé wa ní Agboyi, tí a gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta-mẹ́ta, tí a ń rí ẹja kéékèèké nínú ibi ìdáná, ọdún yẹn ni ọkọ mi kú, ọdún yẹn náà ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò kàwé o. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo sì ti ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, kó má sì sọ fún ìyá ẹ̀. Ẹ̀yin ará pèéjì yìí, ẹ bá mi dá sí i, ó ti pọ̀ jù nínú mi...

Ata ni mo ń tà ní Mile 12. Tí mo bá délé, ìró kan wà tó ti ya nídìí, mo máa so ó mọ́dìí, mo máa wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ mi tó ti jò lé e, ó parí. Ta ló fẹ́ rí mi? Aṣọ gidi wà nínú àpótí, kàfúrà wà láàárín wọn, àmọ́ aṣọ gidi, ti òde ni. Ẹni tó bá mọ etí omi wa mọ̀ pé a kì í wọ aṣọ òde wọnú ọkọ̀ ojú omi. Ẹrẹ̀ wà ní èbúté, omi wà nínú ọkọ̀. Inú náílọ̀n la máa ń dì í sí, a ó fi aṣọ ilé sọdá, tí a bá dé Kétu a ó pààrọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tí a mọ̀. Tí a bá ń bọ̀, a ó tún bọ́ ọ, a ó dì í padà.

Bàbá àwọn ọmọ mi ń ta irin ní Owódé Onírin. Wọ́n ra léèsì aláwọ̀ ewé kan fún mi. Kò pẹ́ tí wọ́n rà á ni ẹsẹ̀ wọn kan rọ, wọn ò lè wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Bí gbogbo Kétu ṣe mọ̀ mí nínú léèsì yẹn nìyẹn, tí ẹni tó rà á ò rí i lára mi rí. Ní Jímọ̀ kan, wọ́n pe oríkì mi, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ wọ̀ ọ́ kí àwọn rí i. Èmi tí mo ń ṣa ata, mo ní, "Ẹ̀yin náà! Kí n wọ léèsì jókòó sílé, ṣé kí ewúrẹ́ lè kí mi ni?" Wọ́n ní, "Èmi náà kì í ṣe èèyàn ni?" A jọ rẹ́rìn-ín... Wọn ò béèrè mọ́. Oṣù kejì ni wọ́n kú.

Àlùfáà ṣàlàyé opó fún mi: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí yẹtí, kò sí tìróò, aṣọ lásán. Mo ní mo gbọ́. Nígbà tó di Jímọ̀ kẹta, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí àpótí. Mo wọ̀ ọ́. Mo wé gèlè, mo fi yẹtí sí i, mo lé tìróò. Mo kọjú sí àga wọn, mo yí ara mi po kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn ẹ̀. Mo ní ẹ wò ó, ẹ wá wò ó nígbà yìí... Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Ṣé àga òfìfo ń ríran? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é.

Ìgbà kẹrin yẹn ni Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, gbé ẹja wá fún mi, wọ́n sì rí mi lójú fèrèsé. Ariwo! "Ìyàwó! Opó rèé? Ta lò ń ṣoge fún? Àbí ọkọ tuntun ti wà nínú ilé àbúrò mi?" Adúgbò tú jáde. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, léèsì ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti fi aṣọ opó nu tìróò.

Àwọn ọmọ mi sáré dé lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Àgbà náà sì wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé bàbá yín bẹ̀ mí, mo fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀? Ojú Àǹtí Àgbà ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, kòtìnì mi náà sì rèé, àwọ̀ ewé ni. Mo nawọ́ sí kòtìnì. Mo ní òun ni wọ́n rí. Mo fi Kùránì búra... Àǹtí Àgbà ní, "Ojú mi ò dáa, àmọ́ mo rí yẹtí." Ọmọ mi àgbà lé wọn jáde. Àwọn èèyàn sọ Àǹtí Àgbà ní Ìyá Oníkòtìnì ní gbogbo etí omi. Àǹtí tó pọn gbogbo ọmọ mi dàgbà! Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ mi kankan ò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Àǹtí Àgbà ti dùbúlẹ̀ àìsàn ní Agboyi báyìí, ojú ti lọ tán. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn ọmọ àbúrò àwọn kí àwọn tó lọ. Nígbà ìtúnu ààwẹ̀, àwọn ọmọ mi wá kí mi ní Ìkòsí tí mò ń gbé báyìí. Mo ti pinnu. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo la ẹnu... ṣé ẹ mọ ohun tó jáde? Mo ní, "Ẹ lọ kí Àǹtí yín. Ẹ lọ dárí jì wọ́n." Wọ́n ní Mummy, ọkàn yín mà mọ́ o. Ọmọ mi obìnrin sunkún. Wọ́n sì lọ, wọ́n dárí jì wọ́n. Ọmọ mi obìnrin ní Àǹtí Àgbà kàn fọwọ́ pa aṣọ tó wà lọ́rùn òun, wọ́n bi òun bóyá léèsì ni...

Léèsì mi ṣì wà níbí. Ṣé kí n wọ̀ ọ́ láti ilé, kí n má dì í sínú náílọ̀n kankan, kí n kó àwọn ọmọ mi lẹ́yìn, kí ẹrẹ̀ èbúté bà á jẹ́, kí Àǹtí Àgbà fọwọ́ ara wọn bà á níṣojú àwọn ọmọ? Tí àwọn ọmọ bá wá bi mí ìdí tí mo fi búra ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí títí di òní, ohun tí mo sọ fún wọn náà ni wọ́n ṣì mọ̀: ẹ lọ dárí jì wọ́n.