Alhaji Mùtàlíbù Àlàní Ọdẹ́wùmí (1951–2024), Ọdẹ Tó Fi Ọta Ìdánrawò Dojú Kọ Àgbọ̀nrín

Ìlú Ìsẹ́yìn, ní agboolé Ọdẹ́wùmí, ni wọ́n ti bí Alhaji Mùtàlíbù lọ́dún 1951. Ọdẹ tí ẹran ìgbẹ́ ń sá fún ni bàbá wọn, Sùlèmọ́nù. Ìyá wọn, Wúlẹ̀mọ̀tù, búra pé ọmọ òun kò ní fọwọ́ kan ìbọn, ó sì fi wọ́n sílé ìwé. Ìwé gbé wọn dé Amẹ́ríkà ní 1979. Amẹ́ríkà ló ta ìbọn fún wọn.

Wọ́n fẹ́ Alhaja Kúlísúmù ní 1984. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Alhaji fi tún lífìtì ilé gíga ṣe, wọn kì í sì í pa ìrun Jímọ̀ jẹ àfi tí èèyàn bá há sínú lífìtì. Ní mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti pàdé Alhaji Rasaq. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìparí oṣù Kọkànlá, àwọn méjèèjì a lọ ṣọdẹ lórí òkè ní ìwọ̀-oòrùn Maryland.

Kí àsìkò ọdẹ tó dé, Alhaji a máa ṣe ọta ìdánrawò ní gáréèjì ilé wọn ní Mitchellville: èèpo ọta tí wọ́n ti yìn, òjé lẹ́nu rẹ̀, kò sí ẹ̀tù nínú. Wọ́n á kì í sínú ìbọn, wọ́n á máa fà á kí ọwọ́ wọn lè balẹ̀.

Rasaq ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kùn ún lọ́dà pupa, kí ẹ má baà ṣì í mú.”

“Ṣé ojú mi ló fọ́ ni? Idẹ tó ń dán báyìí, kí n wá kùn ún bí èékánná ìyàwó!”

Ní 2019, àgbọ̀nrín ńlá kan dúró níwájú wọn. Alhaji fa ìbọn. Kẹ́! Wọ́n ki òmíràn, wọ́n tún fà á. Kẹ́! Àgbọ̀nrín wò wọ́n, ó jẹ koríko díẹ̀ sí i kó tó lọ. Rasaq rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú yìnyín. Alhaji kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní Rasaq ló pààrọ̀ ọta láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí kan náà láìkí ara wọn.

Ní oṣù Kẹjọ 2024, Alhaja ń ṣa aṣọ òtútù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe sàráà. Ọta gidi márùn-ún bọ́ sílẹ̀ láti àpò èyí tí Alhaji fúnra wọn wọ̀ lọ́jọ́ àgbọ̀nrín. Alhaji jókòó. “Kúlísúmù, mo ti ba ọmọlọ́mọ lórúkọ jẹ́.” Wọ́n ní tó bá di Jímọ̀, àwọn á lọ bá Rasaq nílé rẹ̀ ní Bowie, àwọn á tọrọ àforíjì. Jímọ̀ dé, wọ́n ní ó di èyí tó ń bọ̀. Jímọ̀ mọ́kànlá! Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá, àìsàn ọkàn kò dúró de Jímọ̀.

Níbi ìrun òkú, Lèmọ́mù ní kí ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ foríjì wọ́n. Rasaq ké láti ẹ̀yìn pé, “Mo ti foríjì wọ́n tipẹ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wakọ̀ dé iwájú ilé wọn tí mo tún padà. Ẹ̀rín tí mo rín ló ń tì mí lójú.”

Èyí ló ń dun ẹbí jù: kò sẹ́ni tó ń bínú mọ́, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ń dúró de ara wọn.

Wọ́n fi Alhaja Kúlísúmù sáyé lọ. Pẹ̀lú àwọn ọmọ, Kamilah àti Nọ́fíù. Àwọn ọmọ-ọmọ, Inaayah àti Anwar. Àti àbúrò kan, Rasaq.

Alhaji, ìjà ti tán. Kí Ọlọ́hun tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ sùn un re o.