Ẹ̀wà Pupa Inú Ọkọ̀ Bàbá Rẹ

Ting-yao ọmọ mi,

Kí o tó ka ìwé yìí, jókòó, kí o sì jẹun, nítorí mo mọ̀ ọ́, orí ìdúró lo ti máa ń ka nǹkan bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé oyún ń jẹ́ kí ìyàwó rẹ sùn? Láràárọ̀ ni mò ń tan tùràrí fún yín níwájú Pak-kung, bàbá-ilẹ̀ tó ń ṣọ́ oko wa, mo sì máa ń ka orúkọ òpópónà yín ní Taipei sí i létí, àti nọ́ńbà ilé, àti àjà tí ẹ ń gbé, kí ó má baà lọ gbé ìbùkún yín fún Ting-yao ẹlòmíràn. Kí ara yín le, kí ọmọ inú jókòó re, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ má ṣe rí ọ bí ẹni tí kò ní ìyá.

Ilé dára. Ẹ̀fọ́ inú omi ti gùn ju èmi lọ, mo ṣì ń wọ inú adágún lọ títí omi á fi kàn mí láyà, má sì sọ fún mi pé kí n má wọ̀ ọ́ mọ́. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì ò tíì gbọ́. Ah-Kiuk aládùúgbò wa kí ọ, ó ní irun rẹ ti ń pá nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Mo ní iná fọ́tò ni. Ṣé iná ni?

O máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Mi ò lè pè ọ́, wọ́n ń gbọ́. Ọjọ́ tí mo sọ fún ọ lórí fóònù pé ọkọ̀ bàbá rẹ ń dún kàràkàrà bí mo bá ti tan fáànù, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí àwọn tó ta ọkọ̀ náà fún wa fi pè mí, wọ́n ní Àǹtí, àsìkò sẹ́fíìsì ọkọ̀ yín ti tó o. Ta ló sọ fún wọn? Mo kọ́kọ́ fura sí ìwọ, má bínú. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí obìnrin inú ọkọ̀, èyí tó máa ń sọ pé kí n yà sọ́tùn-ún, kí n yà sósì. Ohùn rẹ̀ dùn, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé Ah-Kiuk, ó mọ ọjà tí mò ń ná, ó mọ ibojì bàbá rẹ, èmi ò sì mọ ibi tí òun ń gbé tàbí ọmọ ẹni tó jẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ni à ń sọ̀rọ̀ ilé lójú rẹ̀. Mo ti fi aṣọ ìnura bò ó.

Ní ilé gíláàsì wọn ní Chishan, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sẹ́fíìsì, Pan ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wa. Bàtà rẹ̀ ń dán ju àwo ọbẹ̀ wa lọ. Bí mo ṣe ń wọlé báyìí, ó tẹrí ba, ó ní ẹ káàbọ̀ o ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí i bí ẹ ṣe ń rẹwà sí i! Ẹ̀gbọ́n ta? Mo lè bí ìyá rẹ̀. Ó gbé kọfí wá, ó ní ọ̀fẹ́ ni, mo ní ta wá ló san owó rẹ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mu ún. Mo dà á sínú tẹ́máàsì mi, mo gbé e wálé fún Ah-Kiuk kí ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, Ah-Kiuk ò sì fojú kan oorun títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìwọ náà wá sọ ohun tí wọ́n fi sí i fún mi.

Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn tẹ̀lé ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí n máa wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo wò ó. Ọkọ̀ funfun kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, àwọn oníbọ̀wọ́ rìn yí i ká bí ẹni tó wá kí aláìsàn, ṣùgbọ́n ta ló sọ pé tèmi ni? Mo juwọ́ sí wọn, kò sí ẹni tó juwọ́ padà. Nígbà tó yá, Pan gbé wàláà onígíláàsì kan wá, pupa níbí, pupa lọ́hùn-ún, bí ọmọ tí ìta mú. Ó ní ohun tó ń dún yẹn, jíà ni, jíà ti ń kú lọ. Ó ní rédíétọ̀ náà ò gbádùn. Ó ní táyà ò ṣe nǹkan kan, fìlítà tó ń sẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀ náà sì dára, nítorí pé gbogbo ìgbà tí mo bá wá ni àwọn ń fi tuntun sí i. Òótọ́ ni, gbogbo ìgbà náà ni mo sì ń sanwó rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fìyà jẹ ara yín, ẹ fi ògbólógbòó yìí sílẹ̀ fún wa, kí ẹ gba tuntun tó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Ó ní òun ti bá ọ sọ̀rọ̀, o sì ti gbà láti san àsansílẹ̀.

Kí n tó délé, ọmọbìnrin kan pè mí láti ọ̀dọ̀ wọn, ó ní kí n fún Pan ní máàkì, pé mẹ́wàá ló dára, bí mo bá fún un ní mẹ́sàn-án wọ́n á bá a wí. Mo ní èmi kọ́ ni tíṣà rẹ̀. Ó ní kí n ṣáà mú nọ́ńbà kan. Mo ní kí Pan wá ṣe ìdánwò náà lójú mi, kí ó má sì wo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ting-yao, mi ò bá ọ jà nítorí àsansílẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé àánú ìyá rẹ ló ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ló ra ọkọ̀ yẹn, ibi tó máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé lẹ́nu fèrèsé ti dán, mi ò sì tíì lè fọ ibẹ̀ láti ìgbà tó ti kú.

Ah-Kiuk ní kí n wá mẹkáníìkì. Mo ní mẹkáníìkì wo? Èyí tó wà lọ́nà ọjà, etí rẹ̀ jọ ti Pan, ó lè jẹ́ pé ìbátan ni wọ́n. Èyí tó wà lẹ́bàá afárá, aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́ jù, kí ló ń fi ọwọ́ ṣe? Ah-Kiuk ní ó ku Fu Thien-sung nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kí n tu tíì sí i lára. O ṣì kéré nígbà tí òun àti bàbá rẹ jà lórí omi, lọ́dún tí ọ̀dá mú wa, tí oníkálùkù ń bú èkejì lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń sé omi. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Mo wá rí i pé ẹni tó fẹ́ràn mi lè rẹ́ mi jẹ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, ṣùgbọ́n Fu ò lè rẹ́ mi jẹ láéláé, torí gbogbo ìlú Meinong wa ló mọ̀ pé kò fẹ́ wa. Bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ yẹn pẹ́nrẹ́n, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ mú. Ìfura loògùn àgbà. Mo wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Mo gbé àpótí ìjókòó mi dání, mo fi tì sẹ́bàá ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí Fu má baà yọ nǹkan kan lọ. Kò kí mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀. Ó ní kí ló ń ṣe é. Mo ní ìwọ lo máa sọ fún mi. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Ting-yao, láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí ilé gíláàsì, kò sí ẹni tó sọ rí pé òun ò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Ó tan fáànù, ó gbé etí lé e, ó pa á, ó tún tàn án. Ó wá tú àpótí tí a ń kó ìwé ọkọ̀ sí níwájú, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa fìlítà yọ, ẹ̀wà pupa sì ya sílẹ̀ wàrà lé mi lẹ́sẹ̀. Eku ti kọ́lé síbẹ̀! Ó ti gé fìlítà náà, tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣe bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti kó ẹ̀wà pa mọ́ bí ìyàwó ilé. Ẹ̀wà tó bọ́ sínú fáànù ló ń dún kàràkàrà. Mo ní ìwọ lo dà á síbẹ̀! Fu ní ìgbà wo? O ti ń ṣọ́ ọwọ́ mi bí olè láti ìgbà tí o ti dé.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣa ẹ̀wà náà. Bàbá rẹ ló gbin ẹ̀wà pupa kẹ́yìn nílé wa, kí àìsàn tó gbé e dè. Láti ìgbà náà, mi ò gbin ẹyọ kan, ọkọ̀ náà ò sì ru ẹ̀wà ẹnikẹ́ni. Ó túmọ̀ sí pé eku yẹn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ayé bàbá rẹ, àwọn Pan sì ń gba owó lọ́wọ́ mi pé àwọn ń tún ilé rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà ò purọ́ tí wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Mo kó ẹ̀wà náà sínú ìborùn mi. Mi ò sunkún. Eruku ló wọ̀ mí lójú.

Fu ní jíà ò ṣe nǹkan kan, rédíétọ̀ náà ò ṣe nǹkan kan. Ó wá wọ abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó tì í bọ àpò. Mo ní kí ó mú kọ́kọ́rọ́ mi wá. Ó ní rárá. Háà! Mo figbe ta. Mo ní ẹ gbà mí o, ará Meinong, ó gba omi lọ́wọ́ ọkọ, ó tún fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ opó! Àwọn ènìyàn jáde, àwọn mìíràn ṣì mú abọ́ núdù pantiao dání, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń wò wá. Fu tẹ́ páálí sílẹ̀, ó ní ìyàwó Wang-loi, dùbúlẹ̀ síbí kí o wò ó. Èmi, àgbàlagbà, mo dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ inú táyà, ibi tí ẹni tó dúró ò lè rí, ti jẹ tán pátápátá, wáyà inú rẹ̀ ti yọ síta bí egungun ẹja. Fu sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, ó ní èmi àti ọkọ ẹ ò sọ̀rọ̀ títí ó fi kú, òótọ́ ni, ẹjọ́ ara wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní fún ìyàwó ẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kó fi nǹkan yìí sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè. Tó bá wù ẹ́ kó o bú mi títí di alẹ́.

Kò sí ẹni tó jẹun mọ́. Èmi náà ò dìde kíákíá lórí páálí yẹn. Wọ́n rò pé orúnkún mi ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Chishan, mo da ẹ̀wà náà sórí tábìlì funfun níwájú Pan, lójú gbogbo àwọn tó ń mu kọfí. Pan ní ẹ̀gbọ́n mi, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí a pààrọ̀ rẹ̀ ni eku wọlé. Mo ní eku wo ló ń lọ ra ẹ̀wà lọ́jà, Pan? Kí ló wá dé tí o kò rí wáyà lẹ́nu táyà mi? Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n baba kan ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ òun jáde, ó sì wá bi mí ní ọ̀nà ilé Fu. Ọ̀gá wọn sáré jáde, ó dá owó fìlítà padà fún mi, ó fi agboòrùn kan lé e. Mo gba owó. Agboòrùn náà ṣì wà lójúde, kò ní wọlé mi, ta ló mọ̀ bóyá obìnrin inú ọkọ̀ yẹn ti kó sínú rẹ̀.

Nítorí náà, má san àsansílẹ̀ kankan. Bí o bá ti san án, lọ gbà á, kí o sì mú ìyàwó rẹ dání, ẹnikẹ́ni kì í bá aboyún jiyàn.

Fu ò gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò gba owó, kí ló ń wá? Mo fi owó náà sábẹ́ kẹ́tùlù rẹ̀, ó fi rán Ah-Kiuk sí mi, mo tún fi rán Ah-Kiuk padà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí mi ò gbọ́ nǹkan kan nípa owó náà, mo sì ti ń fura sí Ah-Kiuk.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣì wà lára ògiri Fu. Ó ní òun ò ní fi àlòkù táyà sí i, àfi tuntun. Títí dìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ẹ̀fọ́ mi lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á. Mi ò ní kí ó wá o. Ó kàn dé láàárọ̀, ó fun fèrè. Mo jókòó tì í, mo kọjú sí fèrèsé tèmi, òun náà kọjú sọ́nà. Lánàá, ó ní ó jọ pé òjò máa rọ̀. Mo ro ohun tó lè ní lọ́kàn títí a fi dé afárá, ni mo bá ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó táyà ránṣẹ́ sí mi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí lọ́wọ́ nísinsìnyí, má lọ yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò kánjú bẹ́ẹ̀ yẹn.

Kí Ọ̀run má fi ọ́ lé ọwọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jù. Kí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ pàápàá má lè wo ìparun rẹ níran. Kí ọmọ tí ẹ ń retí bá wa nílé, kí ó bá wa láyọ̀. Máa ti ilẹ̀kùn, máa jẹun.

Èmi ni ìyá rẹ,
Liu Man-moi, ìyàwó Chung Wang-loi