Ṣọ́ọ̀kì Lọ́rì Tó Fẹ́ Tú Èmi àti Ìyá Rẹ Ká

Ìjẹ̀bú-Imùṣin

Ameenat ọmọ mi àtàtà,

Sàlámù àléékúmù. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wà dáadáa? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí Èkó gbé yín mì. Àlàáfíà ni a wà nílé, àfi ọ̀rọ̀ lọ́rì yìí ṣá.

O mọ lọ́rì tí mo fi ń kó gàrí lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣọ́ọ̀kì abẹ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó máa fò ló kú, bó bá ti wọ kòtò báyìí, á máa fò bí ewúrẹ́ tó já okùn. Lọ́jọ́ tó ju ìyá rẹ sókè tí orí rẹ̀ lu òrùlé ọkọ̀, ó ní kí n dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní Odògbólú, ó ní bí ọkọ̀ yẹn ò bá gbọ́n, òun ò padà wálé. Ọmọ mi, èmi tí mò ń ta gàrí, ẹ̀bà tí mò ń tẹ̀ fúnra mi kókó ló ń dì.

Ni mo bá pe Waris mẹkáníìkì. Ó ní ká má wulẹ̀ ra tuntun, òun á tún ti tẹ́lẹ̀ ṣe. Ó tú ṣọ́ọ̀kì náà, ó da ọ́ìlì dúdú inú rẹ̀ nù, ó pààrọ̀ rọ́bà tó ń jò, ó rọ ọ́ìlì tuntun sí i, ó sì fún gáàsì sí i kó lè lágbára. Mo dúró tì í, mò ń ṣàdúà kí gáàsì náà má sá lọ.

Ó dè é padà tán, mo fọwọ́ tẹ imú lọ́rì. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á máa jó, mo sì gbà pé ó ń kí mi ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lọ sílẹ̀, ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó dúró gbagidi bí ẹni tó ń bínú. Mo fa Waris láṣọ, mo ní ó ti pa ọkọ̀ mi, kó dá ijó rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ di iṣu-ata-yán-an-yàn-an. Ó ní ijó yẹn gan-an ni àìsàn ọkọ̀, kí n kọ́kọ́ gbé e lọ mú ìyàwó mi wá kí n tó lu òun.

Mo gbé e lọ sí Odògbólú tìbínú-tìbínú. Ìyá rẹ yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó gòkè. A wọ kòtò, n kò gbọ́ igbe. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, ìyá rẹ ti pa ojú dé. Mo ní Waris pa ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì ti pa ìyàwó mi. Mo kígbe pè é, ló bá lajú, ó bú mi pé kí ló dé tí mo jí òun lójú oorun.

Ó ti padà wálé o, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú lọ́rì ló ń sùn. Ó ní bẹ́ẹ̀dì wa ń gún òun lẹ́yìn, lọ́rì ló tura. Mo bẹ Waris kó bá mi so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó tìmùtìmù orí bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ kíákíá, kó jẹ́ èyí tó nípọn dáadáa, torí yàrá ti tóbi jù fún èmi nìkan.

Ọlọ́run á bù kún ọ. Ohun tí o bá fi owó ara rẹ tún ṣe kò ní gba ọkọ rẹ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlàkọ́