Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Ilé kejì sí mọ́ṣáláṣí,
Òpópónà Ìlò-Àwẹ̀là,
Sángo-Ọ̀tà.
14 Oṣù Kẹsàn-án, 1989.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́ olùkọ́ tí kì í tán. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò pọ̀ ní Ẹdẹ lọ́dún yìí. Ṣé òrùlé yàrá Ìyá wa kò jò mọ́? Ǹ bá fẹ́ kí lẹ́tà yìí dùn mọ́ yín, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Ẹ rántí Nùrẹ́nì, ọ̀rẹ́ mi tí mo mú wá kí yín lẹ́yìn Iléyá. Àwa méjèèjì la jọ ń lo ẹ̀rọ kan ní ilé iṣẹ́ ike wa. Bí òun bá ṣe ti òwúrọ̀, èmi a gbà á ní ọ̀sán. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo dé, mo bá ike tó ti dì sínú ẹ̀rọ. Mo bi í léèrè, ó ní iná ló lọ kí òun tó lè kó o jáde. Ọ̀rọ̀ di gbólóhùn asọ̀. A pariwo, a tilẹ̀ gbá ara wa láṣọ mú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lu ẹnì kejì. Ṣebí ahọ́n àti eyín pàápàá máa ń jà.

Bàbá Àlàrí, tó dàgbà jù nínú wa, ló là wá. Ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe ń parí ìjà: wọn kì í pẹ́ lórí ta ló jẹ̀bi, ẹni tó kéré ni wọ́n máa ń ní kó túúbá. Nùrẹ́nì sì fi ọdún kan jù mí lọ. Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ má bínú, èmi ni mo jẹ̀bi." Nùrẹ́nì fà mí dìde, ó bu omi fún mi mu, ó parí.

Àṣé Ògúnlẹ́yẹ, akọ̀wé ọ́fíìsì, wà lẹ́yìn wa. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni o. Ó lọ sọ fún ọ̀gá wa tí kò gbọ́ Yorùbá pé "fight" ni, pé mo sì ti fi ẹnu ara mi gbà pé mo jẹ̀bi. Ẹni tó bá jà ní ilé iṣẹ́ wa, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀ ajé Sáàpù dé, ohun tí wọn yóò fi dín èèyàn kù ni wọ́n ń wá. Àwọn tí wọ́n lé lóṣù tó kọjá ṣì ń dúró lẹ́nu géètì láràárọ̀.

Wọ́n ní kí n wá sọ tẹnu mi ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni ń ṣa èkùrọ́. Bàbá onílé wa ní kí n pè é ní "quarrel". Kùdírátù aládùúgbò wa, tó parí ìwé mẹ́wàá, ní ìyẹn le jù, kí n ní "argument". Ṣùgbọ́n "argument" dà bíi pé bọ́ọ̀lù la ń jiyàn lé lórí, bẹ́ẹ̀ wọ́n rí wa tí a gbá aṣọ mú. Èyí tó dùn mí jù ni "enemy" tí Ògúnlẹ́yẹ pe Nùrẹ́nì, tó ní ọ̀tá méjì kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ kan. Ọ̀tá kẹ̀! Ọkùnrin tó sáré wá ọkọ̀ nígbà tí ìyàwó mi ń rọbí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìjà tó ti parí, ìjà àwọn tó ṣì jọ ń jẹun. Ẹ bá mi fi bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìdọ̀bálẹ̀ náà kún un. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má tún lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá bí àyà mi bá já. Jìbírílù awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ fi èsì rán an.

Ẹ bá mi kí Ìyá wa, ṣùgbọ́n ẹ má sọ èyí fún wọn. Nùrẹ́nì jókòó tì mí bí mo ti ń kọ ọ́, ó ní kí n kí yín. Wọ́n pe òun náà fún ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní bí ó bá ti lè jẹ́rìí pé mo bá òun jà, kò séwu fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ní kí n kọ ohun tí òun sọ báyìí sí i: "Ohun tí Bọ̀dá bá kọ fún ọ, kí wọ́n kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ohun kan náà lèmi náà máa sọ."

Èmi àbúrò yín tó ń wọ̀nà fún èsì ni,
Fọláwẹwọ́.