Alágbàṣe Irin Tó Fipá Bọ́ Akọ́dà

Ọ̀kà-Àkókó,
Oṣù Kọkànlá, 1926.

Zachariah Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ òkè Ọ̀kà yóò máa ṣọ́ yín ní Èkó, omi ọ̀sà kò ní gbé yín lọ, ọ̀gá rẹ kò sì ní kórìíra rẹ. Àmín. Àwa náà wà, àfi orúnkún bàbá rẹ tó tún wú. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí, nítorí akọ̀wé ń gba tọ́rọ́, ìwé tí mo kà sì tó o.

Alágbàṣe irin tí o fi ránṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́ yín ti dé. Wọ́n kọ Nọ́mbà Mẹ́rin sí i láyà, mo ní ìyẹn ni pé ó ní ẹ̀gbọ́n mẹ́ta, mo sì bi í pé ta ló wà lọ́dọ̀ ìyá wọn. Kò dáhùn, ojú ń tì í ni. O ní epo nìkan ni yóò máa mu, mo sì ń fún un ní epo pupa tó dára, ìgò kan lọ́sẹ̀. Èèrà ń tẹ̀lé e kiri, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́: ó ń pọnmi, ó ń la igi, ó kọ irinwó ebè lọ́jọ́ kan lóko wa lọ́nà Etioro. Ohun tí a bá ní kó ṣe náà gẹ́lẹ́ ló ń ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wá.

Iṣẹ́ ọ̀nà Ìkàrẹ́ kan ilé wa, kí ọkùnrin kan lọ fọ́ òkúta fún ọjọ́ méjìlá. Orúnkún bàbá rẹ kò lè gba ọjọ́ méjì, mo sì ti pinnu pé Nọ́mbà Mẹ́rin ni yóò lọ. Ọjọ́ tí Jimoh akọ́dà wá kọ orúkọ, iyán la ń jẹ. Bàbá rẹ sọ ohun tí gbogbo ọmọlúàbí ń sọ, wọ́n ní kó wá bá wa jẹun. Jimoh náà dáhùn pé á gba ibi ire. Àwa mọ̀ pé ó ti kọ̀ nìyẹn. Nọ́mbà Mẹ́rin kò mọ̀. Ó gbọ́ pé baálé ilé ní kí àlejò jẹun, ló bá gbé akọ́dà Ìjọba tòun ti fìlà, ó gbé e kalẹ̀ nídìí àwo, ó ń ki òkèlè bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kò gbọ́, torí bàbá rẹ ló pàṣẹ, bàbá rẹ sì ń rẹ́rìn-ín débi pé wọn kò lè sọ̀rọ̀. Òkèlè márùn-ún ló kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìkẹfà, mo rí i, Jimoh fúnra rẹ̀ ló bù ú.

Ó jẹun tán ló gba ilé bàbá Oyèbọ̀dé lọ, olórí àdúgbò wa, mo sì tẹ̀lé e. Ó ní a lu òun, kí bàbá rẹ lọ ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlélógún lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì ti irin náà mọ́lé. Mo mọ̀ pé bí bàbá rẹ bá lọ, gbígbé ni wọn yóò gbé wọn wálé. Bàbá Oyèbọ̀dé bi í pé ọbẹ̀ wo ni. Ó ní ẹ̀gúsí. Wọ́n ní ṣé ó ṣẹ́kù? Jimoh fọwọ́ nu ẹnu. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní kí Nọ́mbà Mẹ́rin lọ dípò bàbá rẹ, ṣùgbọ́n Jimoh taku, ó ní ìwé òun sọ pé ọkùnrin ni kó wá, irin kì í ṣe ọkùnrin.

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí akọ́dà tó mọ̀wé jù mí lọ là mí lọ́yẹ̀. Bó bá jẹ́ irin ni, ta ló wá lù ú? Ṣé ẹni tó fẹsẹ̀ kọ ọkọ́ máa ń pe ọkọ́ lẹ́jọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ ènìyàn ló lù ú, kó kọ ènìyàn náà sípò ọkọ mi. Ọ̀kan ni kó mú.

Jimoh ṣí ìwé rẹ̀. Ó yọ pẹ́ńsùlù, ó kọ ọ́: Nọ́mbà Mẹ́rin, ọkùnrin, ọmọ Mọ́júbọ́lá. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti ń fọ́ òkúta. Bàbá rẹ wà nílé, wọ́n na ẹsẹ̀ sí oòrùn.

Jọ̀wọ́, sọ fún ọ̀gá rẹ kó kọ́ àwọn irin tó kù pé ìkíni lásán ni “ẹ wá jẹun”. Kí o sì fi ṣílè mẹ́wàá ránṣẹ́ kíákíá. Akọ̀wé owó-orí ti rí ìwé Jimoh, ó ní ọkùnrin ilé wa ti di méjì, kí a san owó-orí ẹni méjì. Mo ní irin ni. Ó ní ṣé kí òun pe Jimoh wá? Mo ní kó má pè é, kí wọ́n má baà tún ní kí bàbá rẹ wá fọ́ òkúta.

Ọlọ́run yóò fi ọmọ ẹlẹ́ran-ara jíǹkí ìwọ àti ìyàwó rẹ láìpẹ́. Èyí tí ìwé Ìjọba kọ mọ́ mi lọ́rùn yìí tó mi í tọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ́júbọ́lá.