Fúláàṣì Ìjọba àti Àwọn Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Ìdèrè

Ìgbìmọ̀ Àwọn Òbí,
Ilé Ìkàwé Ìfẹ́dàpọ̀,
Ìdèrè,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2024.

Akọ̀wé Àgbà,
Àjọ Ilé Ìkàwé Agbègbè,
Ìgbó-Ọrà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ FAGI LÉ KÚẸ́RÌ TÍ Ẹ FÚN ARÁBÌNRIN RÀHMỌ̀T HÀKÍMÙ

1. Mo gbọ́ pé ẹ ti fún Ràhmọ̀t, òṣìṣẹ́ yín tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ní kúẹ́rì pé ó pa ohun inú fúláàṣì ìjọba rẹ́, àti pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣojú mi ló ṣe é, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

2. Ẹ fi fúláàṣì kan, ohun kékeré tí wọ́n ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí, ránṣẹ́ sí wa kí a fi gbé ètò tuntun sórí àwọn kọ̀ǹpútà wa, kí àwọn ọmọ lè fi wọ́n múra sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti fi sí i, ojú kọ̀ǹpútà dúdú biribiri, ìlà funfun kékeré kan ló kàn ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Ẹni tí ẹ rán wá yẹ̀ wọ́n wò ní wọ́n ti kú, kí a kó wọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bí wọ́n bá kó wọn, ọ̀kadà ni àwọn ọmọ yóò máa gùn lọ lo kọ̀ǹpútà ní Ìgbó-Ọrà. Òjò sì ti ń ṣú. Tómilọ́lá, ọmọ ọmọ mi, wà lára wọn.

3. Nígbà tí Ràhmọ̀t dé lẹ́yìn ẹni náà, kò gbà pé wọ́n kú. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kan kó kọ́kọ́ wo fúláàṣì kó tó wo inú ara rẹ̀. Kò jí. Ó yọ fúláàṣì níwájú, ó fi sí ẹ̀yìn. Kò jí. Ó wá fi sí kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ tó jẹ́ tuntun, ló bá jí wàràwàrà. Ó ṣàlàyé fún mi pé fúláàṣì kò bàjẹ́, kọ̀ǹpútà kò sì kú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ fúláàṣì náà, kọ̀ǹpútà tuntun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ibi kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti ń wá àṣẹ, ní ìbẹ̀rẹ̀ fúláàṣì gan-an. Bí kò bá rí i níbẹ̀, kò ní wá a lọ síbòmíràn. Èmi tí mo ti dàgbà, ó yé mi.

4. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a pa ohun inú fúláàṣì rẹ́, kí a tún un kọ ní ìlànà àtijọ́. Ìyáàfin Rebecca tó ń tọ́jú ilé ìkàwé kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, pé ohun ìjọba ni, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. N kò dá a lẹ́bi. Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo bi Ràhmọ̀t bóyá kò ní gbiná, bóyá wọn kò ní wá mú wa. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó da gbogbo ohun inú fúláàṣì kọ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó fi hàn wá pé ó pé, kó tó pa á rẹ́. Kò sí ohun kan tó sọnù. Nígbà tó parí, àwọn kọ̀ǹpútà wa jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Rebecca pàtẹ́wọ́. Èmi náà bá a pa á.

5. Ẹ̀yin lẹ gbà á síṣẹ́, ẹ sì yan ẹni gidi. Ẹ̀bẹ̀ wa ni kí ẹ fagi lé kúẹ́rì náà, kí ẹ dá àwọn onírin dúró, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣe irú fúláàṣì bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé ìkàwé Igangan àti Lanlate.

6. Mo fi fúláàṣì náà kún ìwé yìí. Ẹ pe Ràhmọ̀t, kó fi sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ jù ní ọ́fíìsì yín, lójú yín. Yóò kọ́kọ́ dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún un; ẹ má tíì sọ pé ó ti kú.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí àgbàlagbà.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Ṣàngótọ́lá Àyándèjì,
Alága, Ìgbìmọ̀ Àwọn Òbí.